Ẹ̀fọ̀n Kò Mọ Géètì

Omi ló yí ilẹ̀ Lẹ́kkí ká. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà Èkó wà ní àríwá, ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín méjèèjì kò sì ga. Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ ní Ajah, ní Badore tàbí ní Ṣàngótẹ̀dó mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí omi yóò fi yọ. Kí ilé tó pọ̀ níbẹ̀, àbàtà àti igbó etí omi ló gba ibẹ̀ kan, pẹ̀lú abúlé àwọn apẹja àti oko àgbọn. Díẹ̀ nínú igbó náà ṣì wà nínú ọgbà Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 78. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà ni ìjọba wó àdúgbò Maroko, tí àwọn kan nínú àwọn ará ibẹ̀ fi bá ara wọn ní Ìlàsàn àti Ìkọta. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi yanrìn dí àbàtà, tí ẹ́síteètì ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́síteètì, kálukú pẹ̀lú ògiri tirẹ̀, géètì tirẹ̀ àti máígàádì tirẹ̀.

Omi tí yanrìn lé kúrò ní láti wá ibòmíràn lọ. Ó ṣàn sí àdúgbò tó rẹlẹ̀, ó jókòó sínú gọ́tà tí kò níbi tó ń já sí, ó dúró sínú kòtò tí táyà mọ́tò gbẹ́ sójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọ̀n ń yé sí. Ìdí nìyí tí ìjà ibà ní Lẹ́kkí àti Ajah fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlú, tí kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ agboolé kan ṣoṣo. Èkó ti jiyàn lórí èyí rí, ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ó yẹ kí a mọ bí iyàn náà ṣe lọ, nítorí a tún ti wà nínú rẹ̀.

Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀fọ̀n tó ń gbé e

Ibà tí à ń sọ níhìn-ín ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní malaria. Kòkòrò afòmọ́ kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, tó sì burú jù, ni Plasmodium falciparum. Bí ẹ̀fọ̀n tó ní in nínú bá jẹ èèyàn, kòkòrò náà á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, á máa pọ̀ sí i níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà á tú jáde, á wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, á sì máa bẹ́ wọn. Ìgbà tó bá ń bẹ́ wọn ni ara ń gbóná, tí òtútù ń múni, tí orí ń fọ́ni. Tó bá le lára ọmọdé, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà á lọ sílẹ̀, gìrì lè gbé e, ẹ̀mí sì lè bọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ̀fọ̀n kì í ti inú ẹyin gbé kòkòrò yìí wá sáyé. Ara èèyàn ló ti ń kó o. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní in lára, kí kòkòrò náà sì dàgbà nínú rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, kó tó lè kó o ran ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ̀n kì í pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ètò ìlera ti rí àyè wọlé nìyẹn. Ohunkóhun tó bá gé ẹ̀mí ẹ̀fọ̀n kúrú ní ìwọ̀nba ọjọ́ mélòó kan, tàbí tó bá fọ kòkòrò náà kúrò lára àwọn èèyàn kí ẹ̀fọ̀n tó jẹ wọ́n, ó ti já okùn náà.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ̀n ló ń gbé ibà. Abo Anopheles nìkan ni. Púpọ̀ nínú àwọn yànmùyánmú tó ń kùn sí wa létí ní Èkó ni Culex, tó ń yé sínú gọ́tà dúdú àti sókàwéè. Culex ń dani láàmú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í gbé ibà. Èèyàn lè fojú ara rẹ̀ dá wọn mọ̀. Anopheles máa ń gbé ìdí sókè bó bá bà sára ògiri, nígbà tí Culex máa ń na ara rẹ̀ bá ògiri dọ́gba. Fi abọ́ funfun bu omi tó dúró, kí o wo tanwíjí inú rẹ̀: tanwíjí Culex á dorí kodò, á fi ìdí mí lójú omi, ti Anopheles á sùn gbọọrọ sójú omi.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ariwo ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń díwọ̀n ewu. Ẹ́síteètì á fín oògùn lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ariwo á rọlẹ̀, àwọn èèyàn á sì rò pé ibà ti lọ. Lódìkejì, ẹni tó ń sùn sínú àwọ̀n á gbọ́ ariwo Culex níta, á ní àwọ̀n kò wúlò, á sì ká a kúrò. Àárín òru, nígbà tí oorun bá wọra, ni Anopheles sábà máa ń jẹni. Iye ẹni tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé ibà ń ṣe ni ìwọ̀n tó tọ́, kì í ṣe iye ẹ̀fọ̀n tó kùn sí wa létí.

Iyàn ọdún 1900

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1897, ní Secunderabad ní ilẹ̀ Íńdíà, Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọ̀n. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1902. Kò pẹ́ rárá tí ìmọ̀ náà fi dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí ibà ti ń pa àwọn òyìnbó tó wá ṣòwò àti àwọn tó wá ṣèjọba. Ẹgbẹ́ Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù rán J. W. W. Stephens àti S. R. Christophers wá. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ olóoru ní Liverpool náà rán H. E. Annett, J. E. Dutton àti J. H. Elliott wá sí Nàìjíríà ní 1900.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wò, wọ́n sì rí ohun tó jẹ́ òtítọ́: ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sáré kiri, tí kò dùbúlẹ̀ àìsàn, ní kòkòrò náà lára. Ohun tí wọ́n fà yọ nínú òtítọ́ yìí ló ṣòro. Wọ́n gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí òyìnbó kọ́ ilé tirẹ̀ jìnnà sí ti àwọn ọmọ onílẹ̀, kí ẹ̀fọ̀n tó bá jẹ ọmọ onílẹ̀ má bàa fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

William MacGregor ni gómìnà Èkó nígbà náà. Ọmọ Scotland ni, dókítà sì ni. Ó dé ní 1899, ó sì kúrò ní 1904. Kò gba ìmọ̀ràn náà. Èrò tirẹ̀ ni pé gbogbo ìlú ni kí a wò sàn, àti dúdú àti funfun. Ó ṣètò kuníìnì, ó fi àwọ̀n sí fèrèsé, ó sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀fọ̀n. Lásìkò rẹ̀, ní 1901, àwọn ìyá Èkó kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa bẹ àwọn abiyamọ wò nílé, kí wọ́n máa là wọ́n lọ́yẹ̀ nípa ìmọ́tótó àti ìtọ́jú ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi àbàtà gbẹ pẹ̀lú. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe odò tí wọ́n gbẹ́ láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí, MacGregor Canal.

Lẹ́yìn tó lọ, èrò ìyàsọ́tọ̀ borí. Ìkòyí di àdúgbò àwọn òyìnbó, odò tí wọ́n gbẹ́ nítorí àbàtà sì di ààlà láàárín wọn àti ìlú. Ibà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn tó ń se oúnjẹ, tó ń fọṣọ, tó ń ṣọ́ ọgbà ṣì ń sùn nítòsí, Anopheles sì lè fò ju kìlómítà kan lọ láti ibi tó ti yọ ìyẹ́. Ohun tí ìyàsọ́tọ̀ náà ṣe dáadáa ni pé ó kó owó gọ́tà àti owó ìlera lọ sí apá kan ìlú, ó sì fi apá kejì sílẹ̀ fún omi.

Omi òkun, omi òjò, omi gọ́tà

Ilẹ̀ etí òkun ní ìṣòro tirẹ̀. Anopheles melas máa ń yé sínú omi oníyọ̀ tí òkun àti ọ̀sà fi sílẹ̀ nínú àbàtà lẹ́yìn tí wọ́n bá kún tí wọ́n sì fà. Anopheles gambiae àti àwọn ìbátan rẹ̀ fẹ́ràn omi òjò tó dúró sójú oòrùn, títí kan èyí tó wà lójú ẹsẹ̀ màlúù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ọmọ ogun pọ̀ ní Èkó, A. B. Gilroy àti L. J. Bruce-Chwatt ṣiṣẹ́ lórí fífa àbàtà etíkun Nàìjíríà gbẹ, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1945. Lẹ́yìn ogun, Bruce-Chwatt ló darí iṣẹ́ ìwádìí ibà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Yábàá.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí ìwé ń kọ́ni ni pé Anopheles kì í yé sínú omi ìdọ̀tí. Èyí fi àwọn ará ìlú ńlá lọ́kàn balẹ̀. Ní 2007, Samson Awolola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ìṣègùn ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé Anopheles gambiae ti ń yọ nínú omi ẹlẹ́gbin láàárín ìgboro Èkó. Ẹ̀fọ̀n náà ti ń kọ́ bí a ṣe ń gbé ìlú.

Gbé ìmọ̀ yìí dé Lẹ́kkí àti Ajah, kí o wo ohun tó wà nílẹ̀. Ilé tí wọn kò kọ́ parí kún ibẹ̀, tí omi òjò dúró sínú ìpìlẹ̀ wọn láti oṣù Kẹrin títí òjò fi dá. Wọ́n bu omi sínú kòtò àti dúrọ́ọ̀mù fún àwọn bíríkìlà. Ẹ́síteètì kan gbé gọ́tà rẹ̀ dé ẹnu ògiri, ó dá a dúró síbẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún aládùúgbò. Àwọn ojú omi ńlá tó yẹ kó kó àgbàrá lọ sínú ọ̀sà, bí System 156 àti System 157 ní apá Ìkọta, di ibi tí àwọn èèyàn kọ́lé lé, títí ìjọba ìpínlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé náà ní 2023 àti 2024. Omíyalé làwọn èèyàn máa ń rò bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú omi. Ọ̀rọ̀ ibà náà ni. Nínú ooru Èkó, ẹyin ẹ̀fọ̀n lè di ẹ̀fọ̀n tó ń fò láàárín bí ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí náà omi tó bá dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilé ẹ̀fọ̀n.

Àwọ̀n, àyẹ̀wò, oògùn

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2000, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Abuja, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn yóò gbógun ti ibà. Láti ìgbà náà, àwọn irinṣẹ́ pàtàkì mẹ́ta ló ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù: àwọ̀n tí a ti rẹ sínú oògùn, àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀, àti oògùn tuntun tí a fi artemisinin pò pọ̀ mọ́ òmíràn. Nàìjíríà fi oògùn yìí rọ́pò kùlórókúìnì ní 2005, nígbà tí kùlórókúìnì kò ran kòkòrò náà mọ́.

Iṣẹ́ náà so èso. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún rí ibà lára ọmọ 42 nínú 100 ní 2010. Ó di 27 ní 2015, 23 ní 2018, 22 ní 2021. Síbẹ̀ ẹrù tó kù wúwo. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé mílíọ̀nù 263 ìgbà ni ibà mú èèyàn káàkiri ayé ní 2023, tí 597,000 èèyàn sì kú. Nínú ikú mẹ́wàá, bíi mẹ́ta jẹ́ ti Nàìjíríà.

Ẹ̀kọ́ tó wúlò jù fún wa wà nínú ìyàtọ̀ láàárín ìpínlẹ̀ àti ìpínlẹ̀. Ìwádìí 2021 yẹn rí i lára bí ìdajì àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò ní Kebbi. Ní Èkó, kò tó ọmọ mẹ́rin nínú 100. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ara gbígbóná tí a ń pè ní ibà ní Lẹ́kkí àti Ajah kì í ṣe malaria rárá. Akin Abayomi, kọmíṣọ́nnà ètò ìlera Èkó, ti ń tẹnu mọ́ ọn pé kí àyẹ̀wò máa ṣáájú oògùn, ìjọba rẹ̀ sì ti fi ṣe àfojúsùn pé kí Èkó súnmọ́ òpin ibà ṣáájú àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn.

Àyẹ̀wò náà kò le. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo láti ọmọ ìka ni wọ́n ń kán sórí ike kékeré, èsì á sì jáde láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Bí kò bá sí ibà níbẹ̀, kí dókítà wá ohun mìíràn tó ń ṣe aláìsàn: àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, àrùn inú ìtọ̀, tàbí òmíràn tí oògùn ibà kò lè wò. Ẹni tó bá lọ sí kẹ́míìsì lọ gba “oògùn malaria àti táífọ́ọ̀dù” láìṣe àyẹ̀wò lè jẹ́ kí àìsàn tó wà lára rẹ̀ gan-an gbilẹ̀. Àti pé bí ìlú kò bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ìlú kò lè mọ àdúgbò tí ibà ṣì fara pamọ́ sí. Èsì àyẹ̀wò tí kẹ́míìsì, ilé ìwòsàn aládàáni àti ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé bá kọ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́, ni yóò sọ bóyá Badore ni kí òṣìṣẹ́ ìlera lọ lọ́sẹ̀ yìí tàbí Lángbàsà.

Àwọ̀n náà ní ìṣòro tirẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fi sí i tẹ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ran àwọn ẹ̀fọ̀n ilẹ̀ Yorùbá mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀n tuntun fi ń ní oògùn méjì, tàbí oògùn kan pẹ̀lú èròjà tó ń sọ agbára ẹ̀fọ̀n dọ̀tẹ̀ di òfo. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tún ti dé: R21, tí NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, fọwọ́ sí ní oṣù Kẹrin 2023, bẹ̀rẹ̀ ní Kebbi àti Bayelsa ní òpin 2024. Ibi tí ikú ti pọ̀ jù ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ní Èkó, omi àti àyẹ̀wò ṣì ni iṣẹ́ wa.

Ohun tó yẹ kí ẹ́síteètì ṣe

Àwọn ìlú mìíràn ti fi ọ̀nà hàn wá. Ní Dar es Salaam, ní Tanzania, láti 2004, ìjọba ìlú gba àwọn ará àdúgbò síṣẹ́ kí wọ́n máa rìn yíká, kí wọ́n máa kọ ibi tí omi dúró sí sílẹ̀, kí wọ́n sì máa da oògùn tó ń pa tanwíjí síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibà dín kù níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ní erékùṣù Cape Verde, wọ́n ti lé ibà lọ lẹ́ẹ̀mejì rí. Bí wọ́n bá ti dẹwọ́ lórí ìjà ẹ̀fọ̀n, á tún padà. Ìgbà kẹta ni wọ́n tẹra mọ́ ọn láìdẹwọ́, WHO sì kéde ní oṣù Kìíní 2024 pé ibà ti tán níbẹ̀.

Ìwọ̀nba ibà tó kù ní Èkó kò túmọ̀ sí pé ká sinmi. Bí ibà bá ti ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ara fi ń bá a jà ń dín kù, ìlú tó bá dẹwọ́ nígbà yẹn á rí àìsàn tó le. Ẹ̀fọ̀n mìíràn tún ti wọ Nàìjíríà: Anopheles stephensi, tó wá láti ilẹ̀ Éṣíà, tó máa ń yé sínú táǹkì àti dúrọ́ọ̀mù omi mímọ́ láàárín ìgboro. Lẹ́kkí jẹ́ ibi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé tí kò ní táǹkì.

Ta ni ewu náà wọ̀ lára jù? Bíríkìlà tó ń sùn sínú ilé tí kò ní fèrèsé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìpínlẹ̀ tí ibà pọ̀ sí dé. Máígàádì tó jókòó síta títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó lọ ṣọdún nílé tó sì padà dé. Ẹni tó bá rò bí àwọn ọdún 1900 á ní kí wọ́n jìnnà sí òun. Ẹni tó bá lóye iṣẹ́ ẹ̀fọ̀n á mọ̀ pé àwọn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ gba àwọ̀n, kí wọ́n sì rí àyẹ̀wò àti oògùn láìsan kọ́bọ̀, nítorí ìlera wọn ṣe pàtàkì fún wọn, ó sì ń dáàbò bo gbogbo àdúgbò. Àwọn àgbà wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní Ajah, ará ilé ẹni ń gbé ní òdìkejì ògiri.

Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ onílé bá tún ṣe ìpàdé, tí wọ́n sì dé orí ọ̀rọ̀ owó oògùn ẹ̀fọ̀n, kí wọ́n gbé ìbéèrè mẹ́rin kalẹ̀. Ibo ni gọ́tà wa ń já sí, ta ló sì ń gbé níbẹ̀? Ilé wo ni omi dúró sí láàárín wa, ta ni yóò sì máa bẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ṣé gbogbo ẹni tó ń sùn níhìn-ín, títí kan àwọn tí kì í ṣe onílé, ló ní àwọ̀n? Ṣé kẹ́míìsì tó wà lẹ́nu géètì ń ṣe àyẹ̀wò kó tó ta oògùn? Lẹ́yìn náà, kí ẹ́síteètì mẹ́ta tàbí mẹ́rin pẹ̀lú abúlé tó wà láàárín wọn pa owó wọn pọ̀, kí wọ́n pe ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà sí i, kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà kan ṣoṣo tí yóò dé ọ̀sà. Gọ́tà bẹ́ẹ̀ yóò lé ibà jìnnà ju èéfín gbogbo ọjọ́ Sátidé ọdún kan lọ, yóò sì ṣe é fún olówó àti tálákà lẹ́ẹ̀kan náà.